Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi láti Tarifa sí Tanger: ṣé mo lè jókòó sí Àjàṣẹ́ kí n rà á?

Ìyá Aláṣọ Ouando (Àjàṣẹ́)

Mo kí gbogbo ilé o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ níbí, ṣùgbọ́n n kò lanu rí. Ọ̀rọ̀ ọmọ ló mú mi lanu lónìí.

Aṣọ ni mò ń tà ní ọjà Ouando. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Málaga, ní ilẹ̀ Spéìn, ti bímọ, ó sì ní kí n wá bá òun wẹ ọmọ. Físà mi ti jáde. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú pẹ̀lú, àlọ àti àbọ̀: láti Cotonou dé Casablanca, láti Casablanca dé Málaga, ibi tí mo bá gbà lọ náà ni mo máa gbà bọ̀. Gbogbo ìyẹn ti lójú.

Èyí tí kò tíì lójú ni ti ọmọ mi ọkùnrin. Tanger ló wà, ní ilẹ̀ Mòrókò, ibẹ̀ ló ti ń kàwé. Ọdún kẹta rèé tí n kò fojú kàn án, inú fóònù nìkan la ti ń rí ara wa. Ní oṣù tó kọjá ó gbé fóònù dání, ó rìn lọ sí ibì kan lókè, lẹ́bàá odi ìlú àtijọ́, ó ní, «Màámi, ẹ wò ó, òdìkejì omi yẹn ni Spéìn.» Mo rí ilẹ̀ náà lóòótọ́, ó dà bí ẹni pé èéfín bò ó. Mo rí ọkọ̀ funfun kan tó ń bọ̀ lójú omi. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́. Ṣé kí n dé Málaga, kí omi tó tó báyìí wà láàárín èmi àti ọmọ mi, kí n sì padà wálé láì rí i?

Ó ní wákàtí kan péré ni ọkọ̀ ń lò láti ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Tarifa. Èmi mọ ọkọ̀ ojú omi o. Ilé bàbá mi kò jìnnà sí ọ̀sà, ọkọ̀ tó ń lọ sí Aguégués ni mo bá dàgbà, mo sì ti gba ojú omi dé Badagry rí kí n tó lọ́kọ. Ṣùgbọ́n ní tiwa, ènìyàn á dé etí omi, á san owó lé ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́, á wọlé, ó parí. Tọ̀hún, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, ó ń fẹ́ nọ́mbà ìwé ìrìnnà, ó ń fẹ́ káàdì, ó ń fẹ́ ímeèlì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wá láti Èkó bá mi gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ìkànnì méjì ló kọ́kọ́ ṣí. Ọ̀kan pe 41 yúrò fún àlọ nìkan, èkejì pe 58 fún ọkọ̀ kan náà, ọjọ́ kan náà, aago kan náà. A bẹ̀rẹ̀ ti 41. Nígbà tí a dé ibi ìsanwó, wọ́n ní báńkì máa fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù mi. A dúró. Aago kan wà lókè ojú ìwé náà tó ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn, 10, 9, 8. Kóòdù kò wá. Nígbà tó di òdo, gbogbo ohun tí a ti kọ pòórá. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é, ní ẹ̀ẹ̀kẹta báńkì ti káàdì pa. Ẹnì kan tún wà lórí WhatsApp tó ní òun lè bá wa rà á kíákíá, kí n ya fọ́tò káàdì mi síwájú sẹ́yìn ránṣẹ́ sí òun. Ìyẹn bà mí lẹ́rù, n kò dá a lóhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n: ṣé láti ibí ni kí n ti rà á ni, àbí kí n dúró dé etí omi lọ́hùn-ún? Èwo ni ojúlówó nínú àwọn ìkànnì yìí? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní kí n ra àlọ àti àbọ̀ pọ̀, torí ọjọ́ mẹ́rin ni mo fẹ́ lò lọ́dọ̀ ọmọ mi kí n tó padà sí Málaga wá bá ọkọ̀ òfuurufú mi. Ìparí oṣù karùn-ún ni mo fẹ́ kọjá. Àṣẹ ìwọlé ti Mòrókò, ọmọ mi ti bá mi ṣe é, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Ọmọ Alákétu (Kétu)

Màámi, ẹ kú oríire ọmọ tuntun. Ọlọ́run á wò ó.

Ẹ ra àlọ àti àbọ̀ pọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín kò parọ́. Nígbà tí mo lọ ṣe ẹ̀kọ́ oṣù méjì ní Finland, mo gba ojú omi láti Helsinki lọ sí Tallinn ní Estonia. Wákàtí méjì ni. Orí fóònù mi ni mo ti ra àlọ àti àbọ̀, mo fi ojú kóòdù inú ímeèlì han ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn ṣí, mo wọlé. Nígbà tí mo ń bọ̀ náà, bẹ́ẹ̀ náà ni, kò sẹ́ni tó wo físà mi rárá. Ẹ má fòyà, kò le.

Olùkọ́ Òpàrà (Ṣábẹ̀)

Ìyá wa, ẹ kú ìfẹ́ ọmọ. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó tún fọwọ́ kan káàdì, ẹ mú ìwé ìrìnnà yín, ẹ ṣí ojú ewé tí físà wà, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ «Nombre d'entrées» sí. Bí ẹ bá rí MULT níbẹ̀, ẹ lè jáde kí ẹ sì tún wọlé. Bí ẹ bá rí 01, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ọjọ́ tí ẹ bá ti gba Tarifa jáde ni físà náà ti parí iṣẹ́, ì báà ku ogún ọjọ́ lórí rẹ̀.

Àbúrò mi ará Kétu, ohun tí o sọ ṣẹlẹ̀ sí ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú Schengen, ìyẹn àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó ń lo físà kan náà bíi ti Spéìn, ni Finland àti Estonia wà, àwọn méjèèjì. Ẹni tó gba Helsinki lọ sí Tallinn, inú yàrá ló ti bọ́ sí yàrá, kò tíì jáde nílé. Mòrókò kò sí nínú ilé yẹn. Omi Tarifa ni ògiri rẹ̀.

Ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé ìkànnì tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kò ní bi yín nípa físà. Á gba owó àlọ, á gba owó àbọ̀, á fi ímeèlì ránṣẹ́ pé ìrìn àjò yín ti dájú. Ó di ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ padà kí ẹ tó mọ̀. Ní ọdún tó kọjá mo lọ kí ọmọ mi obìnrin ní Seville, mo sì kọjá sí Tanger fún ọjọ́ mẹ́ta, MULT ló wà nínú tèmi. Lọ́jọ́ tí mò ń padà, obìnrin kan dúró níwájú mi lórí ìlà. Èdè Mina ló ń sọ lórí fóònù, inú rẹ̀ dùn, ó ń sọ fún ẹnì kan pé kó gbé ìkòkò kaná. Nígbà tó kàn án, ọkùnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ṣí ìwé ìrìnnà rẹ̀, ó fi ìka lé ibì kan. Obìnrin náà na tíkẹ́ẹ̀tì sí i pé òun ti sanwó àbọ̀ láti ilé. Ọkùnrin yẹn kò wo tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì gbé ìka kúrò. Nígbà tí èmi ti kọjá, mo bojú wẹ̀yìn: ó ti jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó tẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì náà sórí itan, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nà án bí ẹni ń na aṣọ tó rún. N kò lè gbàgbé rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ gígùn yìí sí yín.

Ní ti ìkànnì, ọkọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń tà. Èyí tó pe 41 ló jọ pé ó jẹ́ ti ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀, èyí tó pe 58 ni alágbàtà. Alágbàtà dára fún kí ènìyàn fi mọ iye ọkọ̀ tó wà lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹ má rà á lọ́wọ́ wọn. Bí afẹ́fẹ́ bá dá ọkọ̀ dúró, tí ẹ lọ bá ọlọ́kọ̀, á ní kí ẹ padà lọ bá ẹni tó tà á fún yín, ẹni yẹn sì lè wà ní ìlú tí ẹ kò mọ̀, kó máa dá yín lóhùn nínú ímeèlì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ dà yín láàmú. Ẹ máa rí FRS nínú ohun tí àwọn èèyàn ti kọ sẹ́yìn, DFDS ló ra ilé-iṣẹ́ yẹn ní 2024, ṣùgbọ́n ó fi ojú omi Tarifa sílẹ̀ ní 2025. Baleària ló wá gba ipò rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ni ọkọ̀ lọ́jọ́ tiyín gan-an, kí ẹ lọ sí ìkànnì tirẹ̀.

Ẹ tún wo orúkọ èbúté dáadáa, torí «Tanger» méjì ló wà. Ọkọ̀ Tarifa ń lọ sí Tanger Ville, inú ìlú ni, abẹ́ odi tí ọmọ yín dúró lé lórí yẹn náà ni. Ọkọ̀ Algeciras ń lọ sí Tanger Med, ìyẹn sì jìnnà sí ìlú ju 40 kìlómítà lọ. Ẹni tó bá tẹ Tanger Med torí pé owó rẹ̀ dín díẹ̀, owó takisí á gba gbogbo rẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ wá ni olórí ọ̀rọ̀ ní Tarifa. Ibi tí omi yẹn ti há jù, kìlómítà 14 ni, afẹ́fẹ́ tó ń ti ìlà-oòrùn wá tí wọ́n ń pè ní Levante á sì rọ́ gba àárín rẹ̀. Ẹni tó bá ti dúró sáàárín àwọn àpáta wa ní Ṣábẹ̀ lásìkò ọyẹ́ á mọ ohun tí mo ń sọ: afẹ́fẹ́ tí kò lágbára ní pápá, bí ó bá dé ibi tó há, á fẹ́ gbé fìlà lọ. Ọkọ̀ kéékèèké tó ń sáré ni ti Tarifa, wọ́n máa ń tètè dá wọn dúró. Mo sun Tarifa ní òru ọjọ́ kan torí rẹ̀, láì rò ó tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ẹ má fi ọjọ́ ojú omi àti ọjọ́ òfuurufú sọ́jọ́ kan náà.

Aago náà ń da èèyàn rú. Aago Mòrókò àti tiwa dọ́gba, àfi nínú Ramadan tí wọ́n ń fa tiwọn sẹ́yìn ní wákàtí kan. Spéìn ní tirẹ̀, láti ìparí oṣù kẹta dé ìparí oṣù kẹwàá, fi wákàtí kan ṣáájú wa. Aago ìlú tí ọkọ̀ wà ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ọkọ̀ bá gbéra ní Tarifa ní aago 12, tó lo wákàtí kan, aago 12 náà ló máa gúnlẹ̀ ní Tanger. Ẹ sọ fún ọmọ yín kó má baà dúró títí.

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀, ọlọ́pàá Mòrókò jókòó sídìí tábìlì kan, òun ló ń lu òǹtẹ̀ ìwọlé. Èmi ti lọ dúró síta láti wo omi, nígbà tí mo wọlé padà ìlà ti gùn dé ẹ̀yìn. Ẹ kọ́kọ́ gba òǹtẹ̀, kí ẹ tó wo omi.

Ìparí oṣù karùn-ún tí ẹ yàn dára púpọ̀. Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà dé ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ni àwọn ará Mòrókò tó ń gbé ní Yúróòpù ń rọ́ lọ sílé, wọ́n lé ní mílíọ̀nù 3. Ẹ má jẹ́ kó sún dé ìgbà yẹn.

Ìyá Aláṣọ Ouando (Àjàṣẹ́)

Olùkọ́, Ọlọ́run á san án fún yín.

Iná ti lọ ní àdúgbò wa nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín. Mo tan iná fóònù, mo wá awò ojú mi, mo ṣí ìwé ìrìnnà. 01 ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo pe ọmọbìnrin mi kékeré, mo ní kó kà á fún mi, ó ní, «Òdo, ení.» Oṣù kan rèé tí ìwé yìí ti wà nínú àpótí aṣọ mi, gbogbo ẹbí ló ti gbé e wò, gbogbo wọn ló ti súre, kò sí ẹni tó wo ibẹ̀. Ọjọ́ 45 tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni gbogbo wa ń wò tí inú wa ń dùn.

Mo jókòó sórí ibùsùn, n kò lè sùn. Bí a bá gba owó mi lọ́jọ́ Sátidé yẹn, àlọ àti àbọ̀ ni à bá rà. Mo rò ó títí di ìdájí, ohun kan wá sí mi lọ́kàn: ṣebí Casablanca ni ọkọ̀ òfuurufú mi ń gbà bọ̀? Mòrókò náà sì ni Casablanca. Ṣé bí mo bá kọjá sí Tanger, tí n kò padà sí Spéìn mọ́, n kò kàn lè lọ dúró de ọkọ̀ mi ní Casablanca, kí n wọ ti Cotonou níbẹ̀? Ìdajì tíkẹ́ẹ̀tì yẹn nìkan ni n kò ní lò, n kò sì ní bèèrè owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Akọ̀wé Ìrìnnà (Tokpota, Àjàṣẹ́)

Màámi, ẹ kú àárọ̀. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èrò yín dára, ọ̀nà tó sì yẹ kí ẹ gbà nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn. Bí ẹ kò bá wọ ọkọ̀ ní Málaga, ilé-iṣẹ́ òfuurufú á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ kò wá, wọ́n á sì fagi lé gbogbo ohun tó kù lórí tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ẹ máa dé Casablanca, wọ́n á ní orúkọ yín kò sí. Ojú mi ti rí ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí, tíkẹ́ẹ̀tì tuntun ló rà wálé.

Ẹ lọ bá wọn nísinsìnyí, kí ẹ tó kúrò nílé, kí wọ́n yí àbọ̀ padà kó bẹ̀rẹ̀ láti Casablanca. Wọ́n á gba owó àyípadà, ẹ múra ọkàn sílẹ̀ fún un. Láti Tanger dé Casablanca kò le, ọkọ̀ ojú irin kan wà tí wọ́n ń pè ní Al Boraq, láti 2018 ló ti ń ṣiṣẹ́, wákàtí méjì lé díẹ̀ ló ń lò. Ọmọ yín á mọ̀ ọ́n.

Èyí ló sì dáhùn ìbéèrè yín àkọ́kọ́: láti Àjàṣẹ́ ni kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ojú omi yìí, àlọ nìkan. Nígbà tí ẹ bá dé Málaga, ọlọ́pàá ààlà lè béèrè ohun tó fi hàn pé ẹ máa jáde kí ọjọ́ yín tó pé. Bí àbọ̀ yín bá ti Casablanca bẹ̀rẹ̀, á bi yín pé báwo lẹ ṣe máa dé Casablanca. Tíkẹ́ẹ̀tì Tarifa ni ìdáhùn. Ẹ tẹ gbogbo wọn jáde sórí ìwé, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù nìkan. Ọjọ́ 45 yẹn, ẹ má jẹ́ kó kọjá o: láti ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá 2025 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ kọ ìwọlé àti ìjáde àwa àlejò sílẹ̀ ní àwọn ààlà wọn, ẹ̀rọ kì í sì í ṣi ọjọ́ kà.

Ó ku kóòdù tí kò wá. Màámi, nọ́mbà wo ló wà lọ́wọ́ báńkì yín? Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2024 ni nọ́mbà wa ní Benin kúrò ní 8 tó di 10, tí 01 ń ṣáájú. Mo ti rí oníbàárà tó ṣì ní nọ́mbà àtijọ́ nínú ìwé báńkì rẹ̀, kóòdù á máa lọ síbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ síbẹ̀ fúnra yín, ẹ ní kí wọ́n yí i padà lójú yín, kí wọ́n ṣí káàdì náà, kí ẹ sì béèrè bóyá ó ní àṣẹ láti ra nǹkan ní ilẹ̀ òkèèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú fọ́ọ̀mù tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ +229, kí ẹ tó wá kọ 01 àti ìyókù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín yọ òdo yẹn kúrò, ara nọ́mbà ni.

Mo tún fẹ́ béèrè: báwo ni ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ará Èkó ṣe kọ orúkọ yín? Èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwa ọmọ Yorùbá Benin ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹni tó ń jẹ́ Adéṣínà, ìwé ìrìnnà tiwa á kọ ọ́ ní ADECHINA, ará Èkó á fi ADESHINA sí i, kò sì ní mọ̀ pé òun ṣe àṣìṣe. Olú wa, OLOU ni. Ẹ wo ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé tí fọ́tò yín wà, tí àmì << kún inú rẹ̀. Orúkọ ìdílé ló wà ṣáájú <<, àwọn orúkọ yín tó kù ló tẹ̀lé e, kò sí àmì ohùn kankan lórí wọn. Bó ṣe wà níbẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ẹni orí WhatsApp yẹn, ẹ dí i pa. Ẹni tó bá ní fọ́tò káàdì síwájú sẹ́yìn ní nọ́mbà tó wà níwájú àti nọ́mbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn. Kò ku ohun tí yóò tún bi yín.

Ọmọ Alákétu (Kétu)

Màámi, ẹ foríjì mí. Ohun tí mo mọ̀ ni mo sọ, n kò mọ̀ pé kò kan tiyín. Olùkọ́, ẹ ṣeun tí ẹ dá mi padà. Mo fẹ́ pa ohun tí mo kọ rẹ́, ṣùgbọ́n mo rò pé kó wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdáhùn Olùkọ́ lábẹ́ rẹ̀, kí ẹlòmíràn lè rí méjèèjì pọ̀.

Ìyá Aláṣọ Ouando (Àjàṣẹ́)

Mo padà wá jíṣẹ́ o.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo ti ìsọ̀ títí di ọ̀sán. Mo kọ́kọ́ lọ sí báńkì. Nọ́mbà mi àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ wọn lóòótọ́, mẹ́jọ, kò sí 01. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ yí i padà lójú mi, ó ní kí n dúró, ó fi kóòdù kan dán an wò, fóònù mi dún nínú àpò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

Láti ibẹ̀ mo gba Cotonou lọ nítorí tíkẹ́ẹ̀tì òfuurufú. Wọ́n yí i padà, ó bẹ̀rẹ̀ láti Casablanca báyìí. Sefa 68,000 ni wọ́n gbà. Ó dùn mí, léèsì méjì ni mo tà lówó tí kò tó bó ṣe yẹ kí n lè rí i san, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó mọ́ obìnrin tí Olùkọ́ rí lórí àpótí yẹn, mo dákẹ́.

Lálẹ́, ọmọ mi wà lórí fóònù ní Tanger, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìwé ìrìnnà wà lórí tábìlì. A lọ sí ìkànnì ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ mi, ó tẹ S, ó tẹ H. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó wo ìlà ìsàlẹ̀ ìwé náà, ó wo ojú mi, ó pa á rẹ́, ó kọ C. Ó ní bẹ́ẹ̀ lòun ṣe kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ Sátidé. A yan Tarifa, a yan Tanger Ville, àlọ nìkan, ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, aago 12. 41 yúrò náà ni. Yúrò kan kò tó sefa 656, nítorí náà gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíi 26,900, owó báńkì wá gun orí rẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí aago òkè yẹn kà dé 7 ni kóòdù wọlé. Ọmọbìnrin mi kékeré ló kà á jáde, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi.

Ìwé náà wà níwájú mi báyìí, mo tẹ̀ ẹ́ jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọtokópì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Orúkọ mi wà lórí rẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà. Mo máa kúrò ní Málaga ní ọjọ́ 26, kí n sun Tarifa, kí afẹ́fẹ́ má baà bá mi lójú ọ̀nà. Ọkọ̀ òfuurufú mi di ọjọ́ 1 oṣù kẹfà.

Ọmọ mi ní òun á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà èbúté láti aago 11, bí mo tilẹ̀ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ aago fún un. Mo ní kó jẹun kó tó jáde nílé. Gàrí Sávalou ló ní kí n mú bọ̀ fún òun, mo ti rà á, ó wà nínú àpótí, lábẹ́ aṣọ ọmọ tuntun.